Inú Ọmọdé Ló Funfun, Kì í Ṣe ti Aládùúgbò Wa

Nígbà tí àwọn àna wa wá sí ilé wa ní Kétu, ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, láti tọrọ àbúrò mi obìnrin fún ọmọ wọn, oòrùn ti ń wọ̀ kí wọ́n tó dé. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tí ó jẹ́ olórí ẹbí, kí wọn káàbọ̀, ó sì ní láti àárọ̀ ni a ti ń retí wọn, débi pé kò sí ẹni tí ó tíì fi nǹkan kan ẹnu. Ọmọ ọmọ rẹ̀, tí kò tíì bẹ̀rẹ̀ ilé ẹ̀kọ́, gbé ojú sókè, ó ní, “Bàbá àgbà, ẹ̀yin mà ti jẹ iyán lẹ́ẹ̀mejì.” Àwọn àlejò rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn, agbẹnusọ wọn sì ní inú ọmọ náà funfun.

Èdè Faransé tí a ń kọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ ní ọ̀rọ̀ tí ó sún mọ́ èyí gan-an, ìyẹn candide, tí wọ́n ń pe ẹni tí kò mọ ẹ̀tàn, tí ó sì wá láti inú candidus ti èdè Látìn, èyí tí í ṣe ohun tí ó funfun tí ó sì ń dán. Ibẹ̀ náà ni candidat, ìyẹn olùdíje, ti wá, nítorí pé àwọn ará Róòmù àtijọ́ tí wọ́n ń wá ipò a máa fi ẹfun pa aṣọ wọn kí ó lè funfun báláú lójú àwọn olùdìbò. Aṣọ ni wọ́n ń pa ní ẹfun o!

Aládùúgbò wa kan a máa fi gbólóhùn agbẹnusọ yẹn yin ara rẹ̀. Bí ó bá ti bú ènìyàn tán ní gbangba, yóò ní inú òun ló funfun tí òun fi ń sọ ohun tí òun rí. Èmi kò gbà, nítorí pé ọmọdé kò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ òun lè dójú ti ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n aládùúgbò wa mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yóò ti dun ọmọnìkejì rẹ̀, ibẹ̀ gan-an ni ó sì máa ń sọ ọ́ sí. Nígbà tí mo bá a wí, ó ní ṣebí Ẹ̀fẹ̀, akọrin ọdún Gẹ̀lẹ̀dẹ́, náà ń tú àṣírí ènìyàn ní òru ọdún náà. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n Ẹ̀fẹ̀ ti mọ ẹni tí òun ń bá wí kí ó tó dá orin, ìlú ni ó sì fún un láyè láti wí i. N kò tíì gbọ́ kí Ẹ̀fẹ̀ sọ pé inú òun funfun.