Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ju ti ojoojúmọ́ lọ: ẹ wá sọ ohun tójú yín rí

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ará. Ẹ jẹ́ kí olúkúlùkù wa sọ ohun tójú rẹ̀ rí níbi tó ti ń wá ọ̀rọ̀ kún ọ̀rọ̀ nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì. Mi ò sọ ti ọ̀rọ̀ àkọ́bẹ̀rẹ̀ o. Àwọn tí à ń bá pàdé nínú ìwé ìròyìn tó jinlẹ̀, nínú ìwé iṣẹ́ àti ti yunifásítì ni mò ń wí. Èmi tí mo dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ ni n ó kọ́kọ́ sọ tèmi.

Ogún ọ̀rọ̀ ni mo máa ń kọ sínú ìwé lálaalẹ́ nígbà kan: ọ̀rọ̀ lápá òsì, ìtumọ̀ lápá ọ̀tún. Mo há wọn sórí ṣinṣin. Mo kọ "simple", mo kọ "simplistic" tẹ̀ lé e, ìtumọ̀ kan náà ni mo sì fún àwọn méjèèjì. Lójú mi, ìkejì kàn gùn jù ú lọ, ó sì dùn lẹ́nu.

Lọ́jọ́ kan, ọ̀gá wa níbi iṣẹ́ ṣàlàyé ohun kan tó ti ń dààmú wa láti ọjọ́ pípẹ́, ó yé wa yékéyéké. Mo kọ lẹ́tà ìdúpẹ́ sí wọn pé àlàyé wọn "simplistic" gan-an ni. Èmi rò pé mò ń yìn wọ́n ni. Ohun tí mo kọ síbẹ̀ ni pé wọ́n fojú yẹpẹrẹ wo ọ̀rọ̀ tó jinlẹ̀, pé wọ́n gé e kúrú débi tí òótọ́ inú rẹ̀ fi bọ́ sọnù. Wọ́n pè mí, wọ́n rọra bi mí pé, "Ṣé bó ṣe rí lójú rẹ nìyẹn?" Ọ̀rọ̀ pèsì jẹ. Mo ṣàlàyé, mo bẹ̀bẹ̀, wọ́n sì gbà, àmọ́ ẹyin lohùn. Ó tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí n tó lè wojú wọn dáadáa.

Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo tún ìwé mi ṣí láti ojú ewé kìíní. Mo mọ ìtumọ̀ ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ tó wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò lè fi wọ́n ṣe gbólóhùn tó dá mi lójú, torí mi ò mọ àwọn tí wọ́n ń bá rìn. Ẹ wo èdè tiwa náà: à ń wọ bàtà, à ń dé fìlà. Ẹni tó bá ní òun wọ fìlà, kíá la ó mọ̀ pé àlejò ni nínú èdè. Bẹ́ẹ̀ náà ni Gẹ̀ẹ́sì ṣe rí. Òjò ńlá, "heavy" ni wọ́n ń pè é. Afẹ́fẹ́ líle, "strong" ni. Wọn kì í pa wọ́n dà. Ìpinnu, "make" ni wọ́n ń lò fún un. Ọ̀ràn dídá, "commit" ni.

Ohun tó wá là mí lójú jù ni ìtàn èdè náà. Lọ́dún 1066 ni àwọn ará Normandy, láti ilẹ̀ Faransé, ṣẹ́gun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, èdè Faransé sì di èdè ààfin àti ti àwọn ọ̀tọ̀kùlú. Látìnì ni ti ṣọ́ọ̀ṣì àti ti àwọn ọ̀mọ̀wé. Ìdí nìyẹn tí ohun kan ṣoṣo fi lè ní orúkọ mẹ́ta. "Ask" jẹ́ ti àwọn onílẹ̀, "question" gba ọ̀dọ̀ Faransé wá, "interrogate" wá láti Látìnì. Ìbéèrè ni gbogbo wọn, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní òun "interrogate" ìyá òun ti sọ ìyá rẹ̀ di afurasí lọ́wọ́ ọlọ́pàá. Látìgbà tí mo ti mọ èyí, odindi gbólóhùn tí mo ti rí ọ̀rọ̀ ni mo ń kọ sílẹ̀, mo sì ń kọ irú ẹni tó sọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Mẹ́ta péré lójúmọ́.

Ìdáhùn

Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀gbọ́n. Ní tèmi, ọ̀rọ̀ tí kò sẹ́ni tó ń lò ni mo fi ọdún kan gbáko kọ́. Mo mọ "sesquipedalian", mo mọ "pulchritudinous". Nígbà tí mo wọ yunifásítì, mi ò pàdé ìkankan nínú wọn. "Whereas", "albeit" àti "notwithstanding" ló ń dá mi dúró lójú ọ̀nà, àwọn yẹn gan-an ni mo sì ti fò kọjá pé wọn ò jọjú.

Olùkọ́ kan ló fi àkójọ ọ̀rọ̀ ìwé ẹ̀kọ́ gíga tí Averil Coxhead, onímọ̀ èdè kan, gbé jáde lọ́dún 2000 hàn mí. Ìdílé ọ̀rọ̀ 570 ló wà nínú rẹ̀. Ìdílé ọ̀rọ̀ ni kéèyàn ka "derive", "derivation" àti "derivative" sí ọ̀kan. Nínú ìwé ẹ̀kọ́ gíga, nǹkan bíi ìdá kan nínú mẹ́wàá ọ̀rọ̀ tó wà lójú ewé ló ń ti inú àkójọ kékeré yìí wá. Oṣù mẹ́jọ ni mo fi parí rẹ̀, kíkà sì wá rọrùn fún mi. Ọ̀nà ṣì jìn o: Paul Nation, onímọ̀ èdè mìíràn, ṣírò rẹ̀ lọ́dún 2006 pé ìdílé ọ̀rọ̀ 8,000 sí 9,000 lèèyàn nílò kí 98 nínú ọgọ́rùn-ún ọ̀rọ̀ inú ìwé ìtàn tàbí ìwé ìròyìn tó yé e. Kíkà ni mo gbà pé ó lè gbé èèyàn débẹ̀.

Ìdáhùn

Ẹ̀yin àbúrò mi, ẹ kú iṣẹ́. Mo ti lé ní àádọ́ta ọdún kí n tó bẹ̀rẹ̀. Àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀, ìyẹn ègé tí wọ́n ń fi síwájú ọ̀rọ̀, ni mo kọ́kọ́ gbára lé: "in-" túmọ̀ sí "kò", ó parí. Mo wá rí "inflammable" lára agolo kan, mo ní kò lè gbiná nìyẹn, mo sì gbé e sítòsí iná. Ọmọ mi ló sáré gbé e kúrò. Ohun tó ń tètè gbiná ni ọ̀rọ̀ náà ń sọ! "In-" ti ibẹ̀ yàtọ̀, "sínú" ló jẹ́ ní Látìnì. Àyà mi ṣì ń já tí mo bá rántí.

Ìgbàgbé ló tún ń bá mi jà, àmọ́ kì í ṣe ọjọ́ orí nìkan ló fà á. Láti ọdún 1885 ni Hermann Ebbinghaus, onímọ̀ ará Jámánì tó fi ara rẹ̀ ṣe ìdánwò, ti fi hàn pé ohun téèyàn kọ́ ń tètè fò lọ bí kò bá padà sórí rẹ̀. Páálí kékeré ni mo ń lò báyìí, ọ̀rọ̀ lójú kan, ìtumọ̀ lẹ́yìn, ní ọ̀nà tí Sebastian Leitner, akọ̀ròyìn ará Jámánì, kọ sínú ìwé lọ́dún 1972. Àpótí mi ní yàrá márùn-ún. Ọ̀rọ̀ tí mo bá rántí á bọ́ sí yàrá tó kàn, mi ò ní tètè padà sórí rẹ̀. Èyí tí mo bá gbàgbé á padà sí yàrá àkọ́kọ́. Mo máa ń gbìyànjú láti rántí kí n tó yí páálí náà padà. Mi ò ń yọjú wò ó.

"Sanction" ló padà sí yàrá àkọ́kọ́ láàárọ̀ yìí, ìgbà kẹrin rèé. Ọ̀rọ̀ kan náà ló ń jẹ́ kí á fọwọ́ sí nǹkan, òun náà ló ń jẹ́ kí á fìyà jẹni. Gbólóhùn méjì ni mo wá kọ sẹ́yìn páálí rẹ̀ báyìí, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀.