Báwo ni a ṣe lè mú àwọn òbí tí kò mọ̀wé jókòó ti àwọn ọmọ wọn nínú ètò ìwé kíkà àdúgbò?

Olùdarí Ètò, Òkè-Àró, Àkúrẹ́:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin òbí. Ó ti tó oṣù mẹ́jọ báyìí tí mo ti ń darí ètò ìwé kíkà kan fún àwọn ọmọ ọlọ́dún mẹ́ta sí mẹ́fà ní àdúgbò wa, ní gbogbo ọ̀sán Sátidé, nínú gbọ̀ngàn tí àwọn àgbà yọ̀ǹda fún wa lọ́fẹ̀ẹ́. Ọmọ 31 ni a fi bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn tó ń wá déédéé báyìí kò ju 14 lọ. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni mo ti sọ pé tọmọ-tòbí ni ètò yìí, síbẹ̀ ẹnu ọ̀nà ni àwọn òbí ń fi ọmọ sílẹ̀ sí, tí wọ́n á sì yíjú padà.

Nígbà tí mo ń bẹ̀ wọ́n wò lẹ́nu iṣẹ́ wọn, ìyá kan tó ń ta gàrí ní Ọjà Ọba sọ fún mi pé ojú ń ti òun, pé kí ni ẹni tí kò dá A mọ̀ yàtọ̀ sí B fẹ́ wá ṣe níbi tí wọ́n ti ń kàwé. Láti ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ yìí kò ti kúrò lọ́kàn mi. Àwọn bàbá kan ní tiwọn ń béèrè ìdí tí mo fi ń fi Yorùbá kọ́ ọmọ tí àwọn ń sọ fún nílé pé Gẹ̀ẹ́sì ni kó máa sọ. Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣe irú rẹ̀ rí, ẹ jọ̀wọ́, kí ni ẹ ṣe?

Olùkọ́ Fẹ̀yìntì, Oǹdó:

Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì yìí ni mo fẹ́ kọ́kọ́ dáhùn, nítorí pé òun ni èmi àti àwọn òbí máa ń fà jù lọ ní gbogbo ìgbà tí mo fi ṣe iṣẹ́ olùkọ́. Ní ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan nínú èyí tí wọ́n ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà gbáko, ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì pẹ̀lú, tí olùkọ́ tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì lọ́tọ̀ bí iṣẹ́ kan. Nígbà tí wọ́n fi wọ́n wé àwọn ẹgbẹ́ wọn tí wọ́n ti yí sí Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, àwọn ọmọ tí a fi Yorùbá kọ́ ṣe dáadáa jù wọ́n lọ, wọn kò sì rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá.

Ẹ sọ èyí fún àwọn bàbá náà, kí ẹ sì jẹ́ kí wọ́n fi ojú ara wọn rí i. Ọmọ tí ó bá ti dá *ba* àti *ta* mọ̀ lójú yóò ka *bàtà*, yóò ka *bàbá*, yóò sì ka *àbàtà*, nítorí pé bí a ti ń pè é náà ni a ń kọ ọ́. (Ẹ má ṣe jẹ́ kí wọ́n pín *gb* sí méjì o, lẹ́tà kan ṣoṣo ni.) Ẹni tó bá ti mọ ìwé kà ní èdè kan kò tún ní í kọ́ ìwé kíkà mọ́, èdè kejì ni yóò kàn máa kọ́. Ní ti àmì ohùn, mo rò pé kí ẹ fi í sílẹ̀ ná.

Ìyá Ọmọ Mẹ́rin, Ìjọ̀kà:

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má pe ìyá onígàrí yẹn wá kàwé mọ́. Ẹ pè é wá pàlọ́. Ohun tí mo ṣe nìyẹn nígbà tí irú èyí bá mi. Ẹ ní kí ó bi àwọn ọmọ pé, “Ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kanlẹ̀, ó kànrun, kí ni o?” Bí wọ́n bá ti dáhùn pé òjò ni, kí wọ́n pàtẹ́wọ́ sí i lẹ́ẹ̀mejì, *ò*, *jò*, kí ẹ sì kọ ọ́ gàdàgbà sórí páálí. Ẹ ó rí i pé ìyá náà ni olùkọ́ ọjọ́ náà, ẹ̀yin ni akọ̀wé rẹ̀.

Bí ó bá wá pa àlọ́ onítàn, ẹ kọ gbólóhùn bíi mẹ́rin nínú rẹ̀ sílẹ̀ bí ó ṣe sọ ọ́ gan-an, kí ẹ kà á padà fún un lójú ọmọ rẹ̀, kí ẹ sì fún un ní páálí náà mú lọ ilé. Ọmọ ti mọ ìtàn náà lórí, nítorí náà ojú rẹ̀ á kàn máa tẹ̀lé ohun tí etí rẹ̀ ti gbọ́ ni. Bí ìyá bá sọ pé *ulé*, bí a ti ń sọ ọ́ níhìn-ín, mo máa ń kọ *ulé*, màá sì kọ *ilé* sí abẹ́ rẹ̀, kí ọmọ má bàa rò pé èdè ìyá òun ni kò tọ́.

Àti pé ọ̀sán Sátidé kọ́ ni a ń pe ẹni tó ń tajà! Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú ni èmi gbé tèmi sí. Ní àsìkò kíká kòkó ńkọ́, àwọn tó lóko kì í sí nílé. Ẹ má ṣe kà á sí wọn lọ́rùn.

Akẹ́kọ̀ọ́ Èdè, Àkúrẹ́:

Ẹ forí jì mí, bàbá wa ní Oǹdó, mi ò fara mọ́ ọ̀rọ̀ àmì ohùn yẹn. Igba, igbá, ìgbà àti ìgbá: bí a bá yọ àmì kúrò, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni lójú ọmọ. Kò pọn dandan kí wọ́n kọ àmì o, ṣùgbọ́n kí wọ́n máa rí i lórí gbogbo ohun tí ẹ bá kọ fún wọn, kí wọ́n sì máa fi dò, re, mí kọ ọ́ lórin.

Olùdarí Ètò, Òkè-Àró, Àkúrẹ́:

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Mo padà sí ìsọ̀ ìyá onígàrí ní àná, mi ò mẹ́nu ba ìwé rárá, àlọ́ nìkan ni mo béèrè. Kí n tó jókòó tán ló ti bi mí pé, “Òkun ń hó yèè, ọ̀sà ń hó yèè, ọmọ burúkú torí bọ̀ ọ́.” Ọmọ rẹ̀ ló dáhùn kí n tó lanu, ó ní ọmọrogùn ni. A ti fi ìpàdé wa sí aago mẹ́rin àbọ̀ ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú báyìí. Ó ní òun ń bọ̀, àti pé òun á mú ìyá òun àgbà dání, nítorí pé ẹnu rẹ̀ ni òun ti gbọ́ gbogbo àlọ́ tí òun mọ̀.