Hísópù inú Orin Dáfídì 51: orúkọ ewé náà kò ní wàhálà, ọ̀rọ̀-ìṣe ni ká tún wò

Àbá tó wà nílẹ̀ ni pé ká yọ "ewé-hísópù" kúrò nínú Bíbélì Yorùbá, ká fi "efinrin" rọ́pò rẹ̀. Ẹni tó mú àbá náà wá ní hísópù kò sọ nǹkan kan létí Yorùbá, pé ńṣe ló dà bí orúkọ oògùn òyìnbó. Ẹlòmíràn ní rinrin ló yẹ, torí ara ògiri ni rinrin máa ń hù sí, ara ògiri náà sì ni Bíbélì ní hísópù ń hù sí. Ẹnì kẹta fẹ́ ká ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ tuntun, ó pè é ní "ewé-ìwẹ̀nùmọ́". Mo ti ro ẹjọ́ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dáadáa, mo sì rí i pé ibi tí ọ̀rọ̀ wà kọ́ la ti ń wá a. Orúkọ ewé yìí kò ṣe wá ní nǹkan kan. Ọ̀rọ̀-ìṣe tí a fi tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́, ìyẹn "fọ̀" inú "Fi ewé-hísópù fọ̀ mí", ló bo ìtumọ̀ rẹ̀ mọ́ wa lójú.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ewé tí à ń sọ. Ezov ni èdè Hébérù ń pè é. Ọ̀pọ̀ àwọn tó mọ̀ nípa ewéko ilẹ̀ Bíbélì gbà pé Origanum syriacum ni, èyí tí àwọn Lárúbáwá ń pè ní za'atar. Saadia Gaon, rábì tó tú Òfin Mósè sí èdè Lárúbáwá ní ọ̀rúndún 10, ti pè é bẹ́ẹ̀, rábì Maimonides náà sì fara mọ́ ọn. Kì í ṣe igi ńlá. Kò sábà ga ju mítà kan lọ, ewé rẹ̀ kéékèèké, àwọ̀ eérú díẹ̀ wà lára rẹ̀, òdòdó rẹ̀ funfun. Àárín àpáta àti ojú ibi tí ògiri olókùúta ti là ló ti ń rí àyè fi gbòǹgbò múlẹ̀. Ohun tó kàn wá jù níbẹ̀ ni irun wẹ́wẹ́ tó bo ewé àti ọ̀pá rẹ̀. Bí a bá di ẹ̀ka rẹ̀ mélòó kan pọ̀, tí a tì í bọ omi tàbí ẹ̀jẹ̀, irun wọ̀nyẹn á gbá a mú, á sì jọ̀wọ́ rẹ̀ nígbà tí a bá ju ọwọ́ síwájú. Títí di òní, àwọn ará Samáríà tó ń ṣe Àjọ Ìrékọjá lórí Òkè Gérísímù ṣì ń fi ewé yìí kan ẹ̀jẹ̀ ọ̀dọ́ àgùntàn.

Ewé tí àwọn òyìnbó ń pè ní hyssop lónìí, Hyssopus officinalis, kọ́ nìyẹn o. Ìyẹn kì í dá hù ní ilẹ̀ Ísírẹ́lì tàbí ní Íjíbítì. Bí orúkọ náà ṣe dé ọ̀dọ̀ wa ni pé nígbà tí àwọn Júù tó wà ní Alẹkisáńdíríà ní Íjíbítì ń tú Òfin sí èdè Gíríìkì, ní ọ̀rúndún kẹta ṣáájú ìbí Kristi, wọ́n bá ezov pàdé, wọ́n sì kọ hyssopos, ọ̀rọ̀ tí ìró rẹ̀ sún mọ́ ọn. Láti ibẹ̀ ló ti wọ èdè Látìn, ó wọ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì bọ́ sọ́wọ́ Ajayi Crowther àtàwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ìtumọ̀ ní ọ̀rúndún 19. Nítorí náà, ẹni tó bá ń bá Crowther wí pé ó yá ìró lásán, kó mọ̀ pé ìró ni gbogbo wọn ti ń yá láti ohun tó lé ní 2,200 ọdún sẹ́yìn.

Ẹjọ́ efinrin kì í ṣe ẹjọ́ tí a lè fọwọ́ rọ́ tì. Ẹbí kan náà ni efinrin àti za'atar nínú ètò àwọn onímọ̀ ewéko. Ọ̀pá àwọn méjèèjì ní igun mẹ́rin, méjèèjì ń ta sánsán, ewé tí ẹnikẹ́ni lè já láìná kọ́bọ̀ ni méjèèjì. Èyí tó kẹ́yìn yìí wúwo gan-an, nítorí ara agbára hísópù nínú Bíbélì ni pé kì í ṣe ohun ọlọ́lá. Ní òru tí àwọn ọmọ Ísírẹ́lì fẹ́ kúrò ní Íjíbítì, kò sí ìdílé tó tálákà débi tí kò ní rí ìdì ewé kan mú.

Ẹni tó mú àbá efinrin wá tún fi ohun kan ti ọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn tó yẹ ká dáhùn. Ó ní nínú ẹsẹ kan náà, Orin Dáfídì 51:7, Bíbélì Crowther kà báyìí: "Fi ewé-hísópù fọ̀ mí, èmi ó sì mọ́: wẹ̀ mí, èmi ó sì fún ju ẹ̀gbọ̀n-òwú lọ." Yìnyín ló wà nínú Hébérù, kì í ṣe òwú. Bí wọ́n bá lè sọ yìnyín di òwú fún Yorùbá, kí ló dé tí wọn kò lè sọ hísópù di efinrin? Ìbéèrè tó múná ni. Ìdáhùn tèmi ni pé iṣẹ́ kan ṣoṣo ni yìnyín ń ṣe níbẹ̀: ó ń sọ bí funfun ṣe funfun tó. Òwú lè ṣe iṣẹ́ yẹn láìsí ìpalára. Hísópù kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun èlò ìsìn ni, ó ní ìtàn tó ń tọ̀ ọ́ bọ̀ láti Ékísódù, ó gba inú Léfítíkù àti Númérì kọjá, ó tún jáde nínú Jòhánù àti ìwé Hébérù. Ẹni tó bá yí i padà níbì kan ti já okùn náà. Bó bá sì yí i padà níbi gbogbo, ó ti gbin efinrin sí ara ògiri Jerúsálẹ́mù. Yàtọ̀ sí ìyẹn, efinrin ti ní ohun tó ń sọ fún Yorùbá tẹ́lẹ̀. Ẹni tó bá gbọ́ orúkọ rẹ̀, inú rírun àti ọbẹ̀ ni ọkàn rẹ̀ máa lọ bá, ẹ̀jẹ̀ lára òpó ìlẹ̀kùn kò ní wá sí i lọ́kàn.

Àwọn kan wá fẹ́ ká là á sí méjì: "efinrin Júù" tàbí "efinrin-hísópù". Ẹ gbọ́ ohun tí Míṣínà wí, àkójọ òfin àwọn rábì tí wọ́n parí ní nǹkan bí 200 lẹ́yìn ìbí Kristi. Nínú ìwé tó dá lórí ọ̀dọ́ màlúù pupa, èyí tí wọ́n ń fi eérú rẹ̀ ṣe omi ìwẹ̀nùmọ́ nínú Númérì 19, wọ́n ní ezov èyíkéyìí tó bá ní orúkọ àfikún kò yẹ fún iṣẹ́ náà. Ezov Gíríìkì kò yẹ, ezov Róòmù kò yẹ, ezov aginjù kò yẹ. Ezov tí kò ní àlàjẹ́, òun nìkan ló yẹ. Inú mi dùn púpọ̀ nígbà tí mo rí òfin yìí, torí ó fi hàn pé àwọn tó ń lo ewé náà gan-an ka orúkọ rẹ̀ sí apá kan ìwà mímọ́ rẹ̀. Wọ́n tún sọ iye tí ìdì kan gbọ́dọ̀ ní: ọ̀pá mẹ́ta, tí ìrudi mẹ́ta wà lórí wọn.

Ti rinrin kò gba àlàyé gígùn. Òótọ́ ni pé 1 Ọba 4:33 sọ pé Sólómọ́nì sọ̀rọ̀ nípa igi, láti orí kédárì Lébánónì títí dé hísópù tó ń hù lára ògiri. Ṣùgbọ́n rinrin rọ̀, ó kún fún omi, ó ń dán, kò sì ní irun tó lè gbá ẹ̀jẹ̀ mú. Ẹ gbìyànjú kí ẹ di rinrin ní ìdì kí ẹ fi kun òpó ìlẹ̀kùn.

"Ewé-ìwẹ̀nùmọ́" ló léwu jù nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, nítorí ó dùn létí, ó sì ń ṣini lọ́nà. Ó sọ pé ewé náà ló ń wẹni mọ́. Kò sí ibì kan nínú Òfin tí hísópù ti wẹ ẹnikẹ́ni mọ́. Nínú Ékísódù 12:22, ẹ̀jẹ̀ ló wà nínú àwokòtò. Ìdì hísópù gbé e dé àtẹ́rígbà àti òpó méjèèjì, iṣẹ́ rẹ̀ parí. Nínú Léfítíkù 14, ẹyẹ méjì ni wọ́n mú wá fún adẹ́tẹ̀ tí ara rẹ̀ ti dá: wọ́n pa ọ̀kan lórí omi tó ń ṣàn nínú ohun èlò amọ̀, wọ́n ri ẹyẹ ààyè bọ ẹ̀jẹ̀ náà pẹ̀lú igi kédárì, òwú pupa àti hísópù, àlùfáà wọ́n ọn sára onítọ̀hún nígbà méje, ó sì jẹ́ kí ẹyẹ ààyè fò lọ sínú pápá. Búrọ́ọ̀ṣì akunlé kì í ṣe ọ̀dà. Ohun tí hísópù gbé lọ́wọ́ ló ń ṣiṣẹ́, òun ni ọwọ́ tó ń gbé e dé ibi tó ń lọ.

(Ẹ kíyè sí kédárì tó bá hísópù pàdé níbẹ̀. Rashi, alálàyé Òfin ti ọ̀rúndún 11 ní ilẹ̀ Faransé, sọ pé ìgbéraga ló ń fa ẹ̀tẹ̀, èyí ni kédárì dúró fún. Kí onítọ̀hún rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀ bí hísópù ni ìwòsàn rẹ̀. Àlàyé tó lẹ́wà ni, ó sì bá ọ̀rọ̀ Sólómọ́nì mu. Mi ò kàn fẹ́ kí a gbé e lọ sí ibi tí kò sí kédárì. Kò sí kédárì ní Ékísódù 12, kò sì sí nínú Orin Dáfídì 51.)

Ibi tí Orin Dáfídì 51 ti fa omi rẹ̀ ni Númérì 19. Níbẹ̀, wọ́n sun ọ̀dọ́ màlúù pupa, wọ́n kó eérú rẹ̀ pa mọ́, wọ́n bu omi tó ń ṣàn sí i, ẹni tó mọ́ sì mú hísópù, ó tì í bọ omi náà, ó wọ́n ọn sára ẹni tó fọwọ́ kan egungun, tàbí ẹni tí a pa, tàbí òkú, tàbí ibojì. Ẹsẹ 16 tilẹ̀ dárúkọ ẹni tí a fi idà pa ní pápá gbalasa. Ẹ wá rántí àkọlé Orin náà: ìgbà tí Nátánì wòlíì tọ Dáfídì wá nítorí Bátíṣébà. Ùráyà, ọkọ Bátíṣébà, ti kú nígbà yẹn, ojú ogun ló kú sí, idà àwọn ọmọ Ámónì ló pa á, ìwé Dáfídì ló sì rán an lọ síbẹ̀. Dáfídì kò fi ìka kan ara òkú náà, síbẹ̀ ó ń bẹ̀bẹ̀ fún ètùtù ẹni tó fọwọ́ kan ẹni tí a fi idà pa. Ó mọ ohun tó wà lọ́wọ́ òun. Ní ẹsẹ 14, ó pe ẹ̀jẹ̀ náà lórúkọ. Ẹni tó bá ka hísópù sí ewé tí a fi ń fọ ara kò ní rí Ùráyà nínú ẹsẹ 7 láéláé, ohun tó sì ń dùn mí nípa "fọ̀ mí" nìyẹn.

Ọ̀rọ̀-ìṣe tí Dáfídì lò jáde láti inú gbòǹgbò kan náà tó bí ọ̀rọ̀ Hébérù fún ẹ̀ṣẹ̀. Ohun tó ń sọ ni "yọ ẹ̀ṣẹ̀ kúrò lára mi". Ọ̀rọ̀-ìṣe kan náà ló wà nínú Númérì 19:19 fún ohun tí ìwọ́nmi ọjọ́ keje ń ṣe. Nígbà tí àwọn ará Alẹkisáńdíríà dé ibẹ̀, wọ́n kọ "ìwọ yóò wọ́n mi". Látìn náà kọ Asperges me, "ìwọ yóò wọ́n mi", ó sì di orúkọ ètò tí àwọn Kátólíìkì fi ń wọ́n omi mímọ́ sára ìjọ. Àwọn ará ìgbàanì wọ̀nyẹn rí àlùfáà tó mú ìdì ewé lọ́wọ́. Àwa rí kànrìnkàn.

Ohun ìyanu sì ni ọ̀rọ̀-ìṣe kejì. Hébérù ní ọ̀rọ̀ kan fún wíwẹ ara, ó ní òmíràn fún fífọ aṣọ, bí Yorùbá ṣe ní "wẹ̀" àti "fọ̀". Èyí tí Dáfídì lò lẹ́yìn hísópù ni ti aṣọ. Ńṣe ló ń sọ pé kí Ọlọ́run mú òun bí alágbàfọ̀ ṣe ń mú aṣọ tó dọ̀tí, kó gbo ó, kó fún un. "Fọ̀" tí a fi sí ẹ̀gbẹ́ hísópù, apá kejì ẹsẹ náà gan-an ni àyè rẹ̀ wà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ òwú!

Jòhánù 19:29 náà yóò mọ́lẹ̀ sí i bí a bá gbà pé agbénǹkan ni hísópù. Mátíù àti Máàkù ní orí ọ̀pá esùsú ni wọ́n fi kànìnkànìn ọtí kíkan sí. Jòhánù ní hísópù ni. Àwọn kan ní ewé kúkúrú kò lè gbé kànìnkànìn, pé ọ̀rọ̀ tó túmọ̀ sí ọ̀kọ̀ ni Jòhánù kọ, ṣùgbọ́n hísópù ló wà nínú àwọn ìwé àfọwọ́kọ tó pẹ́ jù. Ẹsẹ méje sí i, Jòhánù mú òfin ọ̀dọ́ àgùntàn Ìrékọjá wá, pé a kò gbọdọ̀ ṣẹ́ egungun rẹ̀. Ó mọ̀ọ́mọ̀ fẹ́ kí a rántí òpó ìlẹ̀kùn ni. Ìdí mìíràn nìyí tí orúkọ náà kò fi gbọdọ̀ yí padà.

Kí ni ká wá kọ? "Fi hísópù wọ́n mi" kò dára tó, nítorí bí Yorùbá bá ní "fi omi wọ́n mi", omi ni yóò bà sí i lára. Ẹnì kan lè rò pé ewé la fẹ́ dà sí i lórí. Ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ tí a kò ní láti ṣẹ̀dá: "ẹ̀jẹ̀ ìbùwọ́n" tí Crowther lò nínú Hébérù 12:24. Àbá mi ni: "Fi hísópù ṣe ìbùwọ́n fún mi, èmi ó sì mọ́, fọ̀ mí, èmi ó sì fún ju ẹ̀gbọ̀n-òwú lọ." Ó gùn díẹ̀ ju ti àtijọ́. Ẹni tó bá rí èyí tó kúrú, tó sì dùn ún kọ jù ú lọ, kó mú un wá, bí kò bá ti dá "fọ̀" padà sẹ́gbẹ̀ẹ́ hísópù.