Nínú àwọn mẹ́ta yìí, ta ló jẹ̀bi jù?

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Aránṣọ ni mí ní ìtòsí Ọjà Ọba, ní Òṣogbo níbí. Ọmọbìnrin mi gbé ìwé ìtàn kan wálé, The Scarlet Letter, tí Nathaniel Hawthorne gbé jáde ní 1850. Wọ́n ní kó kọ àròkọ lórí ẹni tó jẹ̀bi jù nínú rẹ̀. Ó ń kà á sókè, èmi ń wa máṣìnì mi, àfi bí mo ṣe dẹsẹ̀ dúró.

Hester ni obìnrin inú ìtàn náà. Ọkọ rẹ̀, ẹni tó ti dàgbà jù ú lọ fíìfíì, ní kó máa lọ sí Boston ṣáájú, òun ń bọ̀. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọdún 2, kò gbúròó rẹ̀. Àlùfáà Dimmesdale fún un lóyún. Wọ́n mú un dúró sójú ọjà tòun ti ọmọ oṣù 3, lẹ́tà A pupa láyà (A ti adultery, ó kúkú bá tiwa mu, àgbèrè). Àlùfáà yìí kan náà ni wọ́n ní kó bẹ̀ ẹ́ pé kó dárúkọ bàbá ọmọ! Ó sì bẹ̀ ẹ́. Obìnrin ò dárúkọ. Ọjọ́ yẹn gan-an lọkọ dé. Ó fi orúkọ bò, ó ní Chillingworth lòun, ó ń ṣe dókítà, ó sì kó lọ bá àlùfáà gbé.

Ọmọ mi ní Hester ló jẹ̀bi jù. Mi ò gbà, àmọ́ mi ò rẹ́nu ṣàlàyé. Àbí torí aránṣọ lòun náà ni mo ṣe ń gbè é? Òwú wúrà ló fi ṣe lẹ́tà yẹn lọ́ṣọ̀ọ́. Ó ń ránṣọ fún gómìnà, fún òkú, fọ́mọ tuntun, àmọ́ wọn ò jẹ́ kó fọwọ́ kan ìbòjú ìyàwó rí. Ẹ gbà mí o.

Ìyá Ìbejì: Ọkọ ni, Màmá! Ó fẹnu ara rẹ̀ sọ fún Hester lẹ́wọ̀n pé òun lòun kọ́kọ́ ṣàìdáa, òun tóun lọ fẹ́ ọmọdé tí ò fẹ́ràn òun. Kí ló wá ń wá lára pásítọ̀ fún ọdún 7? Mágùn tiẹ̀ sàn, ó ń yá. Tirẹ̀, ó ń lo oògùn fún un kó má tètè kú.

Ará Àyétòrò: Àdúgbò wa níbí, ọkọ ẹnì kan lọ sí Líbíà, ọdún 3 kò pè. Ìyàwó lóyún. Àwọn mọ̀lẹ́bí tí ò ra ìrẹsì kóńgò kan fún un rí ló kọ́kọ́ pariwo.

Bàbá Òkè-Baálẹ̀: Àlùfáà ni tèmi. Ó ń na ara rẹ̀ ní pàṣán ní kọ̀rọ̀. Pàṣán kọ̀rọ̀ fún ẹni tó ń dá jìyà lójú ọjà? Ọjọ́ tó wá jẹ́wọ́ náà ló kú.

Àǹtí Tísà: Ẹ má tíì bá ọmọ yín wí o, mà. Tó bá jẹ́ ti oyún, kó lọ tún un rò. Àmọ́ Hester mọ̀ pé ọ̀tá àlùfáà ló ń tọ́jú rẹ̀, ó sì dákẹ́ torí ó ti búra fọ́kọ. Ẹ ní kó ka ibi tí wọ́n ti pàdé nínú igbó. Àlùfáà kọ́kọ́ ní òun ò lè dárí jì í.

Aránṣọ: Ẹ ṣé gan-an. Ó ti kà á, ó sì ti ya èyí tó kọ́kọ́ kọ. Ó wá ń bi mí pé tó bá ṣe èmi ni, ṣé mo máa dárúkọ? Mo ní kó bá mi ki òwú bọ abẹ́rẹ́.