Yíyí kọ́ọ̀dù orin àtijọ́ padà láìba ohùn ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ́

Ẹ̀yin àgbà nínú iṣẹ́ orin, mo kí yín o. Òṣogbo ni mo ń gbé, èmi ni mo sì ń tẹ dùùrù fún ẹgbẹ́ akọrin ìjọ wa ní Òkè-Fìà. Wọ́n ní kí n sọ orin ìsìn àtijọ́ kan, èyí tí a máa ń kọ ní ìlù mẹ́ta-mẹ́ta, di háíláìfù onílù mẹ́rin-mẹ́rin fún ọjọ́ ìkórè.

Kọ́ọ̀dù (ohùn mélòó kan tí a ń tẹ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà) C, F àti G nìkan ni orin náà ní. Mo fi A minor rọ́pò C níbì kan, mo sì fi D minor rọ́pò F. Ó dùn létí, nítorí pé ohùn méjì ni kọ́ọ̀dù tuntun kọ̀ọ̀kan bá ti àtijọ́ pín. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo fi E minor sí ìlà kẹta, níbi tí àwọn obìnrin ti ń fa “dò” (ìyẹn ohùn C) gùn, “tì” inú kọ́ọ̀dù náà, tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ “dò” gan-an, ń bá wọn jà. Ẹnìkan ní kí n yí ohùn orin náà padà. Mo gbìyànjú rẹ̀, àfi bí “ọ̀run” ṣe di “ọrùn” lẹ́nu wa, tí gbogbo akọrin bú sẹ́rìn-ín!

Ẹ jọ̀ọ́, kọ́ọ̀dù wo ni ẹ̀ bá fi sábẹ́ “dò” gígùn yẹn tí kò ní jẹ́ C lásán? Àti pé, lílù kẹrin tó ṣẹ́kù nínú ìlù mẹ́rin kọ̀ọ̀kan, ṣé kí n fà ọ̀rọ̀ gùn dí i ni, àbí kí n fi í sílẹ̀ fún gángan láti dáhùn?