Ihò kọ́, pèpéle kọ́: ọ̀rọ̀ fún pápá gọ́ọ̀fù aláwo

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ìjíròrò o.

Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ ni ti pápá gọ́ọ̀fù aláwo (eré tí a ti ń ju àwo pẹlẹbẹ sínú agbọ̀n orí òpó) kékeré kan nítòsí Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì, tí wọ́n fẹ́ tún ṣe kí òjò tó dé. Àwọn tó ni ín ní kí a bá àwọn wá ọ̀rọ̀ tí wọ́n máa kọ sórí pátákó àti sínú àwòrán ilẹ̀. Mẹ́rin ló ti wọlé: "ihò" (ìpín kọ̀ọ̀kan nínú pápá, láti ibi ìjù dé agbọ̀n), "pèpéle" (ibi tí a ti ń ju àwo), "agbọ̀n" (ibi tí à ń ju àwo sí), "ìparẹ́" (bí àwo ṣe ń yà bó bá fẹ́ balẹ̀). Agbọ̀n nìkan ni mo fara mọ́. Ẹni tó máa kọ́kọ́ lo ọ̀rọ̀ wọ̀nyí kì í ṣe eléré, òṣìṣẹ́ tó mú ṣọ́bìrì dání ni. Ohun tó bá gbọ́ ló máa ṣe.

> Ẹ̀gbọ́n wa láti Ọ̀yẹ́ kọ̀wé pé: "Ihò ni gbogbo ayé ń pè é nínú gọ́ọ̀fù, kí la tún ń wá?"

Ẹ̀gbọ́n, nínú gọ́ọ̀fù oníbọ́ọ̀lù, ihò wà nílẹ̀ lóòótọ́. Ti aláwo kò ní ihò rí. Nígbà tí Ed Headrick, ará Amẹ́ríkà tó jẹ́ aṣáájú eré yìí, ṣe pápá Oak Grove ní Kalifọ́níà ní 1975, òpó lásán ni wọ́n ń ju àwo lù. Ẹ̀yìn ìyẹn ni agbọ̀n tí ẹ̀wọ̀n irin rọ̀ sí lókè dé. Èyí tó tún wá burú ni pé ihò gidi kan wà nínú iṣẹ́ yìí: èyí tí a máa gbẹ́ jìn tó ìdajì mítà, tí a ó ri páìpù mọ́ inú rẹ̀ pẹ̀lú kọnkéré kí òpó agbọ̀n lè wọ̀ ọ́. Bí ìwé bá ní "láti ihò 4 dé ihò 5", èwo ni bíríkìlà máa wọ̀n? "Abala" ni mo dábàá, abala kìíní títí dé ìkẹsàn-án. Kí "ihò òpó" dúró láyè tirẹ̀.

Orí pèpéle ni ìjà wà. Gbogbo wa la mọ pèpéle iwájú ilé, ibi tí àgbà ń jókòó sí nírọ̀lẹ́, ìyẹn gan-an ló bà á jẹ́. Pèpéle ga. Ẹ ní kí bíríkìlà mọ pèpéle fún yín ní Adó, ó kéré tán búlọ́ọ̀kù kan ló máa fi gbé e sókè. Bẹ́ẹ̀ ibi tí a ti ń ju àwo gbọ́dọ̀ bá ilẹ̀ dọ́gba: ẹni tó sáré wá tó ju àwo, ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í dúró lójú kan, ó máa ń kọjá etí iwájú. Bí etí yẹn bá ga, ọrùn ẹsẹ̀ ló máa yẹ̀.

"Ojú ìtẹ̀" ni mo fi rọ́pò rẹ̀. Ìbú mítà 1.5, gígùn mítà 3, kọnkéré tó nípọn ní sẹ̀ntímítà 10. Bí a bá po ọ̀kan sìmẹ́ńtì mọ́ méjì yanrìn àti mẹ́rin òkúta wẹ́wẹ́, ojú ìtẹ̀ kan á gba nǹkan bí àpò 3. Kí ó tó gbẹ, kí wọ́n wọ́ ìgbálẹ̀ lójú rẹ̀ ní ìbú kí ó lè há ẹsẹ̀. Èyí tó bá dán bíi ti pálọ̀, òjò àkọ́kọ́ ti sọ ọ́ di ibi ìyọ̀. Kí ó dà díẹ̀ sẹ́yìn kí omi má dúró.

Ilẹ̀ pupa tó dagun bíi tiwa ní ẹjọ́ tirẹ̀ o. Àgbàrá máa ń gbẹ́ iwájú kọnkéré lọ díẹ̀díẹ̀, ojú ìtẹ̀ tó bá ilẹ̀ dọ́gba lóṣù kẹta á ti di pèpéle yín lóṣù kẹwàá. Ẹ la gọ́tà kékeré sí apá òkè kí omi yà kúrò, ẹ to òkúta sí etí iwájú, kí ẹ sì gbin koríko sí i.

Agbọ̀n dára, ṣùgbọ́n kí akọ̀wé pátákó má fo àmì: bí àmì bá yẹ̀, agbọ́n tó ń ta ni, tàbí àgbọn tí à ń jẹ. (Ẹ má jẹ́ n sọ ti "pápá awo", ta ló máa rán ọmọ rẹ̀ lọ síbẹ̀?) Etí agbọ̀n ń ga ní nǹkan bí sẹ̀ntímítà 82. Ẹ má rì í mọ́ etí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ gan-an, àwo tó bá tàsé á yí gbirigbiri dé ìsàlẹ̀ òkè. Bí ibòmíràn kò bá sí, ẹ dábùú ìtì igi sí apá ìsàlẹ̀.

"Ìparẹ́" kò tiẹ̀ yẹ kó wọlé. Àwo kì í parẹ́. Bí agbára rẹ̀ bá ń tán, ó ń yà ni. Ti ọlọ́wọ́ ọ̀tún tó bá jù ú láti ìdí àyà síta máa ń yà sósì, ti ọlọ́wọ́ òsì sì máa ń yà sọ́tùn-ún. Mo ní "ìyàbálẹ̀". Ẹ fi í wo àwòrán yín: bí abala mẹ́sẹ̀ẹ̀sán bá tẹ̀ sósì, irú ìjù kan náà ni eléré á máa tún jù látàárọ̀. Ẹ da méjì tàbí mẹ́ta sọ́tùn-ún.

"Ẹ̀yìn ààlà" (ibi tí àwo kò gbọdọ̀ bọ́ sí) àti "igi dandan" (igi tí àwo gbọ́dọ̀ gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan pàtó kọjá) tí ẹnì kan mú wá, n kò ní àríyànjiyàn. Ẹ̀ka-èdè Èkìtì lórí pátákó, "ulé", "uṣẹ́", ó wù mí, ẹ fi sí ìlà kejì.

Àbúrò yín, Adó

> Èsì láti Ọ̀yẹ́:

Àbúrò, mo ka tìrẹ. Mo ti yọwọ́ lórí ihò, abala tẹ́ mi lọ́rùn. Ṣùgbọ́n ìwọ tó ń kìlọ̀ àmì fún wa lórí agbọ̀n, ìwọ náà lo tún mú "ojú ìtẹ̀" wá? Bí akọ̀wé bá gbé àmì yẹn sókè, ìtẹ́ ọba ni. Ẹ fi pèpéle sílẹ̀ lórí pátákó fún eléré, torí nígbà tó bá dé ibẹ̀ ó ti rí i pé kò ga. Ti bíríkìlà, inú àwòrán ni kí ẹ ti bá a sọ̀rọ̀: ẹ kọ "gíga: òdo" sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí ẹ sì fa ìlà ilẹ̀ sí ojú kọnkéré. Kò ní bi yín ní ìbéèrè kankan mọ́.