Téèpù LTO lára sáfà backup tó wà nínú VM: báwo lẹ ṣe so tiyín?

Alátéèpù:
Ẹ kú iṣẹ́ o. Sáfà backup ti wọ inú VM (kọ̀ǹpútà tí ètò ṣẹ̀dá sínú kọ̀ǹpútà gidi), téèpù nìkan ló kù níta. Dráìfù LTO-8 ni, wáyà SAS ló ń lò, ESXi, ètò tó ń gbé VM ró, ló wà lórí host, ìyẹn kọ̀ǹpútà gidi náà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti so irú ẹ̀ rí, ọ̀nà wo lẹ gbà?

ÌyáSáfà:
Odindi káàdì HBA, èyí tí wáyà dráìfù ń wọ̀, ni kẹ́ ẹ gbé fún VM (passthrough nìyẹn), ẹ má fi dráìfù nìkan lé e lọ́wọ́. Téèpù kì í ṣe dísíìkì. Tó bá ń wé padà sí ìbẹ̀rẹ̀, ó lè ju ìṣẹ́jú kan lọ kó tó dáhùn. Bí host bá wà láàárín, ó lè rò pé dráìfù ti kú, á rán reset sí i, iṣẹ́ á sì já lójú ọ̀nà.

Ẹ tan VT-d, èyí tó ń jẹ́ kí VM lè gba káàdì, nínú BIOS, AMD-Vi bó bá jẹ́ AMD. Nínú ESXi, ẹ lọ sí Manage, Hardware, PCI Devices, ẹ yan káàdì náà, ẹ tẹ Toggle passthrough, kẹ́ ẹ tún host tàn. Ẹ wá fi PCI device kún VM, kẹ́ ẹ sì máàkì Reserve all guest memory. Láìsí ìyẹn, VM ò ní tàn rárá.

Káàdì RAID (èyí tó ń da dísíìkì pọ̀) kọ́ o, ọ̀pọ̀ wọn kì í jẹ́ kí téèpù hàn. HBA lásán bí i 9300-8e ni. Ẹnu SFF-8644 ló ní, SFF-8088 sì ni ti ọ̀pọ̀ dráìfù orí tábìlì, torí náà ẹ wo orí méjèèjì kẹ́ ẹ tó ra wáyà. Bí dísíìkì host bá wà lára káàdì yẹn, ẹ wá káàdì míì, torí gbogbo ohun tó wà lára rẹ̀ ló máa bá a lọ.

Dàda_nst0:
Ẹ fi kún un pé vMotion (gbígbé VM tó ń ṣiṣẹ́ lọ sórí host míì) àti snapshot (títọ́jú ipò VM bó ṣe wà lásìkò kan) ti parí fún VM yẹn.

ÌyáSáfà:
Òótọ́ ni. Ẹ má retí pé ẹ máa fi snapshot ṣe backup sáfà backup fúnra rẹ̀. Catalog rẹ̀, ìyẹn àkọsílẹ̀ ohun tó wà lórí téèpù kọ̀ọ̀kan, gbọ́dọ̀ máa jáde lọ sí ibòmíì tí kì í ṣe orí host kan náà.

Kọ́lá_SD:
Ìdí gan-an tí mi ò fi fara mọ́ ọn nìyẹn. Ẹ fi dráìfù sára kọ̀ǹpútà kékeré tó dá dúró. Ètò backup Veeam ń pè é ní tape server. Ní ti Bacula, ètò backup míì, bacula-sd tó ń kọ téèpù ló máa wà níbẹ̀, Director tó ń darí iṣẹ́ á wà nínú VM, port 9103 ni wọ́n á fi sọ̀rọ̀. Bí host bá wó, téèpù ṣì ń kà.

Dàda_nst0:
Lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì wo? 1Gb ò lè gbé ju nǹkan bí 118MB lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. LTO-8 tó ga tán (full-height) ń fẹ́ 360MB, èyí tó kúrú (half-height) ń fẹ́ 300MB. Dráìfù máa ń dín eré kù o, àmọ́ ó ní ibi tí kò lè lọ sílẹ̀ jù. Bí data bá lọ́ra ju ibẹ̀ lọ, á dúró, á wé padà díẹ̀, á tún bẹ̀rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa ṣe títí. Kásẹ́ẹ̀tì ń jẹ, orí dráìfù náà ń jẹ.

Kọ́lá_SD:
Ta ló ní 1Gb? 10Gb ni. Bí kò bá sí, `Spool Data = yes` sórí SSD, kí data kọ́kọ́ kó jọ síbẹ̀ kó tó lọ sórí téèpù. Kì í ṣe sórí dísíìkì SATA kan ṣoṣo tó ń yí o, kò lè bá dráìfù yẹn sáré.

q35:
Fún àwọn tó ń lo Proxmox, ètò VM míì bí ESXi: `intel_iommu=on` nínú GRUB, machine q35, lẹ́yìn náà `qm set 110 -hostpci0 01:00.0,pcie=1`. Kí `lspci -nnk` fi vfio-pci, dráífà tó ń fi káàdì lé VM lọ́wọ́, hàn nídìí káàdì náà tí VM bá ń ṣiṣẹ́. Tó bá ṣì jẹ́ mpt3sas, dráífà tí host fi ń lo káàdì náà, host ò tíì fi í sílẹ̀.

Nínú VM, `lsscsi -g`, kí `mt -f /dev/nst0 status` tó tẹ̀ lé e. Ẹ lo orúkọ tó wà nínú `/dev/tape/by-id`, torí st0 àti st1 lè pààrọ̀ ipò bí VM bá tún tàn. Ẹ má sì kọ sórí st0! Á wé padà sí ìbẹ̀rẹ̀ gbàrà tí iṣẹ́ bá parí, iṣẹ́ tó kàn á sì kọ lé e lórí.

Ọmọ_SAS:
Hyper-V, ètò VM ti Microsoft, ńkọ́?

ÌyáSáfà:
DDA (passthrough ti Hyper-V), láti Windows Server 2016 sókè. `Dismount-VMHostAssignableDevice`, lẹ́yìn náà `Add-VMAssignableDevice`. Automatic Stop Action gbọ́dọ̀ jẹ́ TurnOff.

Ọmọ_SAS:
Ẹ ṣé, mà. Ẹ má gbàgbé láti máa fi kásẹ́ẹ̀tì ìfọmọ́ sí i lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Dàda_nst0:
Rárá o! Ìgbà tí dráìfù bá béèrè fún un nìkan ni. Ńṣe ni kásẹ́ẹ̀tì yẹn ń ha orí dráìfù.

q35:
Kí ẹni tó bá fẹ́ ra LTO-9 mọ̀ pé kásẹ́ẹ̀tì tuntun kọ̀ọ̀kan máa ń ṣe calibration (dráìfù á yẹ ẹ́ wò, á sì ṣètò rẹ̀) nígbà àkọ́kọ́ tó bá wọlé, ó sì lè tó wákàtí méjì. Ọ̀pọ̀ máa ń rò pé passthrough ló bàjẹ́, wọ́n á pa VM. Ẹ fi wọ́n sí i lọ́kọ̀ọ̀kan kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀.

Alátéèpù:
Ẹ ṣeun gan-an. HBA ti wọ VM, dráìfù ti hàn. Àmọ́ bí tar (ètò tó ń kó fáìlì pọ̀ sórí téèpù) bá fẹ́ ka kásẹ́ẹ̀tì LTO-7 àtijọ́ kan, "Cannot allocate memory" ló ń sọ. Ṣé kí n fi RAM kún VM ni?

Kọ́lá_SD:
Má fi RAM kankan kún un. Block (ègé data tí wọ́n ń kọ lẹ́ẹ̀kan) tó wà lórí kásẹ́ẹ̀tì ló tóbi ju èyí tí tar béèrè lọ. `mt -f /dev/nst0 setblk 0`, kó o wá ṣe `dd if=/dev/nst0 of=/dev/null bs=1M count=1`. Nọ́ńbà tó bá gbé jáde ni ìwọ̀n block náà.

Alátéèpù:
262144 bytes.

Kọ́lá_SD:
256KB nìyẹn, ìyẹn 512 lọ́nà 512 bytes. Wé e padà, kó o ṣe `tar -b 512 -tvf /dev/nst0`.

Dàda_nst0:
Tó bá sì jẹ́ LTO-6 lo ní nílé ìpamọ́, LTO-8 ò ní kà á. LTO-7 ló kà mọ.

Alátéèpù:
Ó ti ń ka orúkọ fáìlì jáde.